Òkè Wo Lọmọ Yìí Kó Lọ?

Ẹni tó bá ní kò sí ìjà nínú máàpù, ẹni náà ò tíì kan án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rí.

Bàbá mi ni káfíńtà náà. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, gbé ẹ̀rọ tiwọn sí igun kejì lẹ́bàá fèrèsé, tó jẹ́ pé bí òòlù ṣe ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹ̀rọ ń fèsì lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń jà. Bí ẹ bá gbọ́ tí òòlù ń dún kíkankíkan láìsí ìṣó lábẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé Ìyá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan nìyẹn.

Èmi ọmọbìnrin ni àkọ́bí wọn. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè mí ní Tíṣà, títí kan àwọn méjì tó bí mi, tí wọ́n mọ orúkọ mi dáadáa. Ògiri ilé tèmi ò gba máàpù ayé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, ni mo bá wá kan án sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Láràárọ̀ Sátidé, màá wá síbẹ̀, màá tẹ́tí sí rédíò, màá ka ìwé ìròyìn, ibi tí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀ lágbàáyé, màá gún ọ̀kan nínú píìnì ìyá mi síbẹ̀. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè, mo ti ní ohun tí mo máa fi da àwọn ọmọ láàmú: òjò ya wọ̀ wọ́n níhìn-ín, kí ló dé tí ọ̀dá mú wọn lọ́hùn-ún? Àwọn wọ̀nyí ń bára wọn jà lórí odò, níbo lodò náà ti ṣẹ̀ wá?

Ọjọ́ tí mo kan máàpù náà gan-an nìjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá yọ téèpù, wọ́n wọn Gírínláǹdì, wọ́n wọn Áfíríkà, wọ́n fi ìbínú ká téèpù wọn.

"Tíṣà, o ní Áfíríkà tóbi ju ibí yìí lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí wọ́n rí bí ìbejì lórí ògiri mi? Ẹni tó ya nǹkan yìí, bó bá kan àga fún mi, ìdúró ni mo máa wà títí màá fi kú."

Ìyá ló là wá. Wọ́n fi àjákù aṣọ wé bọ́ọ̀lù kan, wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó fúnjọ lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì. "Ayé rí roboto bí ìdí ọmọ," ni wọ́n wí, "ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí aṣọ ìnusẹ̀, ẹ tún ní kó má fẹ̀ sódì. Bàbá wọn, ẹ wá bá mi rán ṣòkòtò tí kò ní ojú rírán ná." Òòlù dún kíkankíkan fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ìṣó lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ilé, ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórílẹ̀-èdè kan tó jìnnà réré, Bàbá ní máàpù ayé ò tó mọ́. "Ìka mi nìkan ti bo gbogbo orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Mi ò mọ̀ bóyá abẹ́ èékánná lọmọ mi wà ni àbí abẹ́ oríkèé." Mo ra máàpù orílẹ̀-èdè náà nìkan, mo kan án sí ẹ̀gbẹ́ ti ayé. Odò kan ṣoṣo ló gba àárín rẹ̀ já látòkè délẹ̀. Ìlú méjì ló wà létí odò náà, ọ̀kan lókè máàpù, ọ̀kan nísàlẹ̀, dáàmù ńlá kan sì wà láàárín wọn. Orúkọ àwọn ìlú náà kún fún lẹ́tà tó ń ti ara wọn lẹ́nu; ọjọ́ tí Bàbá gbìyànjú láti pe èkínní, eyín wọn ń mì. Ni a bá fún wọn ní orúkọ tiwa: Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀. Ìlú Ìsàlẹ̀ ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́.

Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ó bá Ìyá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá, wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí òkè níbi iṣẹ́ o, mo ṣì ń rò ó." Fóònù já. Gbogbo wa yíjú sí máàpù, a wo Ìlú Òkè, a ní ibẹ̀ dára, ó sún mọ́ òkun. Nígbà tó di Túsìdeè tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé. Àbúrò mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní aláìsàn ò ní dúró de àmì. Ohun tó kọ nìyí:

N o ko lo si oke lose yii. E ma foya.

Ìyá kà á, wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá kà á, wọ́n ní àmín. Èmi náà kà á, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo wa ló yé, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé kí ló yé ọ.

Ó wá di Sátidé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tí Rédíò fi já wọlé. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ilé kejì ni Rédíò, ẹgbẹ́ mi ni. Bó o bá gbé rédíò fún un ní Mọ́ńdè, ìròyìn inú rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbà ní Túsìdeè, rédíò fúnra rẹ̀ á dé nígbà tó bá dé. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé rédíò kan mọ́ àyà bí ọmọ, wáyà ń já bọ́ lára rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Gbogbo yín ẹ dákẹ́!"

Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi òun.

Ohùn oníròyìn jáde: ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí òní ní aago tiwa, dáàmù ńlá kan ti fọ́. Ó dárúkọ odò náà. Odò ti orí máàpù wa ni. Ó ní omi ti ń ya lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò, ó ń sáré bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, fóònù ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ lágbègbè náà.

Ẹ̀rọ Ìyá dúró. Òòlù Bàbá dúró lófuurufú.

"Nísàlẹ̀," ni Ìyá wí.

Mo ti ń pe nọ́ńbà àbúrò mi. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí mò ń pè kò sí. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Mo tún un pè. Obìnrin náà tún un sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín lóhùn. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mò ń tún un pè.

Bàbá rìn lọ síwájú máàpù. Wọ́n fi ìka lé dáàmù, wọ́n fà á wálẹ̀, wálẹ̀, wálẹ̀, títí ìka náà fi dé Ìlú Ìsàlẹ̀. Àga kan wà lẹ́yìn wọn, wọ́n jókòó lé e. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n tíì kàn mọ́ àga ọ̀hún. Gbàgà! Ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, fìlà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. A sáré síbẹ̀, a rò pé wọ́n ti dákú. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ni igbe ti jáde:

"Ó ti kó! Ọmọ yẹn ti kó! Ẹ mú fóònù wá!"

Mo gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí wọn lójú. Orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti kà á sókè: "N ó kó lọ sí òkè lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fòyà. Ẹ gbọ́? N ó kó lọ! Ìlú Òkè ló wà! Ìgbà wo lomi ń gun òkè?"

Áà! Afẹ́fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù padà. Ìyá gbé ọwọ́ láyà, wọ́n mí kanlẹ̀. Bàbá rọra dìde bí ẹni tó dìídì lọ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Èmi, tíṣà jọ́gíráfì, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì. Ẹ fi ojú sí ẹ̀rín mi yẹn o, ìtìjú rẹ̀ ń bọ̀.

Rédíò na ọrùn wo fóònù lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí àmì tí ẹ fi kà á bẹ́ẹ̀?"

"Àmì kí ni?"

"Àmì ohùn. 'N o' ló wà níbí. Ó lè jẹ́ 'N ó kó lọ'. Ó sì lè jẹ́ 'N ò kó lọ', pé òun ò lọ síbì kankan. Ẹ tiẹ̀ tún wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ 'Ẹ máa fòyà'."

Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ń wá òòlù.

"Rédíò! Téṣàn wo ló gbé ìyẹn sáfẹ́fẹ́? Ọmọ wo ló máa kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kó máa fòyà?"

"Mi ò ní ohun tó kọ nìyẹn. Mo ní ohun tó lè kọ nìyẹn."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí! Ohùn òkè ni! Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn lọ́rọ̀ sísọ, ṣé mi ò ní dá ohùn ẹ̀ mọ̀ ni? Ohùn òkè, ó wà ní Ìlú Òkè, ó parí!"

"Bàbá, a kì í gbọ́ ohùn nínú àtẹ̀jíṣẹ́."

"Ìwọ tí o ń gbọ́ ohùn nínú àpótí onípákó, ta ló dá ọ dúró?"

Wọ́n ń bá a lọ báyìí. Èmi kọrí sí máàpù pé kí n gún píìnì sí dáàmù tó fọ́, ká fi ọ̀rọ̀ náà sípò. Mo fi ojú tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀, bí Bàbá ṣe tẹ̀ lé e. Ni mo wá rí i pé bí odò náà ṣe ń lọ sísàlẹ̀ máàpù ló ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi dà bí fọ́nrán òwú, ó sì pòórá sáàárín àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan. Òkè gíga ni àwọ̀ yẹn. Mo yíjú sókè. Lókè máàpù, odò náà fẹ̀, ó la ẹnu, ó wọ òkun.

Ẹ̀rín mi kú sí mi lẹ́nu.

Oṣù tó kọjá ni mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé apá ibo ni odò Náílì ń ṣàn lọ. Mọ́kànlá nínú wọn kọ ọ́ pé gúúsù, torí pé omi kì í gòkè. Mo fi yínkì pupa fa ìwé gbogbo wọn bí ẹni ń roko. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà mọ́kànlá: "Òkè máàpù kì í ṣe òkè ilẹ̀! Àríwá ni Náílì ń ṣàn lọ!" Mo tiẹ̀ fi àmì ìyanu síbẹ̀ méjì méjì. Èmi náà rèé.

"Bàbá."

"Má pè mí, mò ń bá aláìmọ̀kan wí lọ́wọ́."

"Bàbá, odò yìí… òkè ló ń ṣàn lọ."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Omi wo?" ni Bàbá wí. "Omi wo ló ń gun òkè? Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ fà á ni?"

Àlàyé ò wọlé. Ni mo bá yọ ìṣó, mo gbé máàpù kúrò lára ògiri, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, mo sì yí i po. "Ẹ wò ó báyìí. Kò sí òkè mọ́, kò sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ ń pè ní ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn òkè gíga wà. Ibẹ̀ lomi ti ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ òkun lọ́hùn-ún ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ẹni tó ya máàpù ló gbé àríwá sókè, omi ò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti ṣèpinnu yẹn."

Ìyá ló kọ́kọ́ yé. "Ìyẹn ni pé téèyàn bá gbé ṣòkòtò kọ́ ní ẹsẹ̀ lókè, ìbàdí ò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Ìyá."

"Ìsàlẹ̀ odò tí rédíò wí wá ńkọ́?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́. "Ìlú Òkè ni."

Bàbá wo máàpù, wọ́n wo fóònù, wọ́n wo ojú Ìyá. Wọ́n fa ara wọn sókè gbọnrangandan.

"Ta ló ní ọmọ mi kó lọ sí Ìlú Òkè?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Rédíò wí.

"Èmi kẹ̀? N ò kó lọ! Ṣé ẹ ò mọ̀wé kà ni? N ò! Ohùn ìsàlẹ̀ tó rẹlẹ̀ bí ilẹ̀ pẹ́ẹ́! Ọmọ yẹn ò fẹ́ràn kí á máa kẹ́rù kiri láti kékeré. Ìlú Ìsàlẹ̀ ló wà, ó jókòó jẹ́ẹ́."

Rédíò, tí kò lè gbà pẹ̀lú ẹ̀dá alààyè fún ìṣẹ́jú méjì, họ orí. "Àmọ́ Bàbá, bí mo ṣe tún wá wò ó, 'N ó kó lọ' yẹn náà bọ́gbọ́n mu o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́ ohùn ẹ̀…"

Bàbá rí òòlù. Rédíò rí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yí bẹ́ǹṣì po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì, "N ò!" níhìn-ín, "N ó!" lọ́hùn-ún, àfi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi ní dò-rè-mí. Pàà! Ìyá fi sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé aṣọ lu bẹ́ǹṣì. Àwọn méjèèjì dúró bí ère.

"Àmì tí ẹ bá fi sórí ọ̀rọ̀ yẹn ò lè gbé ọmọ mi láti ìlú kan sí èkejì. Ibi tó bá wà ló wà." Ohùn wọn ò ga. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù. "Tíṣà, ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Jẹ́ ká mú un pé ibi tó burú ló wà. Ká ní Ìlú Òkè ni. Kí ni máàpù wí?"

Mo fi ọwọ́ nu ojú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ mú téèpù wá."

Bàbá ju òòlù sílẹ̀. Wọ́n yọ pẹ́ńsù létí, wọ́n fi òwú ìyá mi tẹ̀ lé gbogbo kọ́nà odò náà láti dáàmù dé Ìlú Òkè, wọ́n fa òwú náà le, wọ́n wọ̀n ọ́n. Káfíńtà kì í fojú wọn nǹkan. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá. Mo wo igun máàpù: sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá. Àádóje kìlómítà nìyẹn.

"Oníròyìn ní omi náà ń sáré bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́," ni mo wí. "Ká fún kẹ̀kẹ́ náà ní kìlómítà mẹ́tàlá ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́wàá. Aago márùn-ún ìdájí ló fọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó débẹ̀."

"Aago mélòó la wà?"

"Mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Wọ́n ní ààyè láti sá. Gbogbo ìlú ló ní ààyè."

"Àbúrò rẹ kì í tètè múra," ni Ìyá wí. "Tó bá ní àwọn aláìsàn níwájú, kò ní fi wọ́n sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo tún tẹ orí ba máàpù. Ìgbà yẹn ni mo rí àwọn àmì kan láàárín dáàmù àti Ìlú Òkè, koríko tín-tìn-tín aláwọ̀ búlúù, ọ̀pọ̀ yanturu. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Mo wo àlàyé àmì ní igun. Mo pariwo débi pé Rédíò tún sá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Irà! Irà ni gbogbo ibí yìí! Ó lé ní ìdajì ọ̀nà!"

"Kí ni irà fẹ́ ṣe fún wa?" ni Bàbá bi mí.

"Bàbá, odò Náílì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ó gba inú irà kan kọjá ní Gúúsù Súdáánì. Bó bá ti wọ ibẹ̀, ó máa ń fọ́n ká, ó máa ń ṣìnà. Nǹkan bí ìdajì omi tó wọlé ni kì í jáde lódì kejì. Omi tó bá ń sáré, tó bá wọ inú irà tó tóbi tó báyìí, kò ní agbára mọ́."

Bàbá ronú sí i. "Bí ẹni da omi sórí kànìnkànìn."

"Kànìnkànìn tó fẹ̀ tó ọgọ́rin kìlómítà."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kan máàpù, Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Ẹni tó ya nǹkan yìí," ni wọ́n wí, "ó gbìyànjú."

Aago mọ́kànlá lù. Ìròyìn tún bẹ̀rẹ̀. "Nípa dáàmù tó fọ́," ni oníròyìn wí, "a gbọ́ pé omi náà ti…" Rédíò tó wà lọ́wọ́ Rédíò kú.

Mi ò ní sọ ohun tí Bàbá wí. Ilé ọmọlúàbí la wà.

Rédíò tú u, ó dè é, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bẹ̀ ẹ́. Ohùn jáde, ìròyìn bọ́ọ̀lù ló ń sọ. Ìyá dìde, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn. "…wọ inú irà, ó sì ti rọlẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ará ìlú kúrò. Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú."

Èmi àti Bàbá dì mọ́ra wa. Mi ò rántí ìgbà tí a ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá nìkan ni kò mira. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ná," ni wọ́n wí.

Bí ìgbà tí fóònù ń dúró dè wọ́n, ó dún.

Ọwọ́ mẹ́rin ló bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ti Rédíò wà lára wọn, ẹni tí kò bá wa tan. Ó fò sókè, ó bọ́ sórí ìtàn Ìyá, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ta ló kú?" Àbúrò mi nìyẹn, kò kí ẹnikẹ́ni. "Ìpè mẹ́rìnlélógójì! Ẹ sọ fún mi, ta ló kú?"

"Ìwọ ni!" ni Ìyá ké, wọ́n sì bú sẹ́kún.

"Èmi?"

Bàbá já wọ ọ̀rọ̀. "Dá mi lóhùn, má fi wá ṣeré. Ṣé o kó lọ sí òkè, àbí o ò kó lọ sí òkè?"

"Mo kó lọ. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá di òpó ilé mú. "Ó kó lọ. Yéè! Ọmọ mi, sá jáde! Omi ń bọ̀! Aago mẹ́ta! Irà ti gba díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ sá jáde!"

"Irà wo? Àǹtí, kí lẹ fún Bàbá mu?"

Mo tẹ ẹnu mọ́ fóònù. "Gbọ́ mi. Òkè wo lo kó lọ?"

"Òkè wo bí ti báwo? Òkè ilé! Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, àjà kejì. Ṣebí ìsàlẹ̀ ni mo wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ojú ọgbẹ́. Mo sọ fún Ìyá pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí òkè."

Ìyá nu ojú nù. "Ìyẹn ni pé Ìlú Ìsàlẹ̀ náà lo wà?"

"Mi ò mọ ìlú kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó tọ̀nà. Mo gbìyànjú orúkọ ìlú náà gan-an, lẹ́tà kan há mi lọ́fun.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ náà ni. Ṣé tìtorí dáàmù lẹ ṣe ń pariwo? Àwa ò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá, ọ̀nà òkun lomi ń sá lọ. A kì í tan fóònù nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ń ṣe ségesège látàárọ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀. Ilé tó ní tíṣà jọ́gíráfì! Àǹtí, ṣé ẹ ò ṣàlàyé fún wọn ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà ṣọ́ọ̀bù. Àjà tó dára gan-an ni. Bàbá ló kàn án.

"N ó!" Bàbá ti padà bọ̀ sípò. "Mo wí! Kí ni mo kọ́kọ́ wí? Mo ní ohùn òkè ni!"

"Èmi náà wí bẹ́ẹ̀," ni Rédíò wí.

"O wí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, o wí bẹ́ẹ̀." Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó jọ borí nínú ìdìbò.

Ìyá ò bá wọn dá sí i. "Àwọn ará ìlú kejì ńkọ́? Ìyá kan ló bí àwọn náà."

"Ìyá, bọ́ọ̀sì ti ń kó wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ wọn ò tiẹ̀ tutù, ẹ̀rù ló kàn bà wọ́n. Aboyún mẹ́ta ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan bímọ ní bí ààbọ̀ wákàtí sẹ́yìn, obìnrin ni. Ara òun àti ìyá ẹ̀ le. Òun ni mo gbé dání yìí tí mo fi jáde wá síta, ó fẹ́ fi igbe ya ilé."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Igbe náà dé: tín-ín-rín, ó bínú, ó jìnnà, ó sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa.

Ìyá gbé fóònù lé èjìká. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣe é. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, wọ́n ń mi ara síwá sẹ́yìn lórí àga aránṣọ. "Ó tó, ó tó, ìyá mi. Omi ti lọ. Ó tó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá tiẹ̀ sún mọ́ wọn. "Di orí rẹ̀ mú dáadáa, Ìyá wọn."

Igbe náà ń rọlẹ̀. Ìyá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ bọ́tìnnì, fóònù sì kú: pí.

A wo ara wa. Rédíò la ẹnu pé kó pariwo. Bàbá gbé ìka sétè.

"Ẹ rọra," ni wọ́n wí. "Ó ti sùn."